Òkúta Olóṣùpá tí Alhaji Làtíìfù Gbé Wálé

Ẹni tí kò bá mọ Alhaji Làtíìfù ní Peckham, á jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ni. Bọ́ọ̀sì ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tó bá ń ròyìn ẹ̀, ẹ ó rò pé ọjọ́ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni gbogbo Lọ́ńdọ̀nù dúró gbagidi. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wù ú láyé: oyè Baba Àdínnì ti ẹgbẹ́ àsàlátù wọn. Òun àti Alhaji Habeebullah ará Brockley ni wọ́n jọ ń dù ú, Habeebullah tó gbà pé bí agbádá bá ṣe gbòòrò tó ni ìgbàgbọ́ ẹni ṣe tó.

Dókítà ní kí Làtíìfù máa rìn nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ rìn. Ó sọ̀kalẹ̀ ní Rotherhithe, omi odò Thames ti fà, ló bá rí òkúta kan nínú ẹrẹ̀, ó tó ìrọ̀rí, ewé omi bò ó. Wọ́n gbẹ́ nǹkan kan sí i lójú, ó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

"Aláhù Akbar! Òkúta orí sàréè Mùsùlùmí nìyí!"

Ẹlòmíràn ì bá gbé e lọ bi àwọn ará ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí ni Làtíìfù fẹ́ bi wọ́n tí kò mọ̀? Kí bọ́ọ̀sì tó dé Peckham, òkú náà ti di alfa. Kí ó tó gun àtẹ̀gùn ilé kánsù wọn tán, alfa ti di ará Ìlọrin tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, tó ń wàásù fún òyìnbó létí odò, tí ẹja pàápàá ń yọrí gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sunday, ó kéde ẹ̀ ní àsàlátù. Ó ní kò dáa kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn láìsí ẹni tó ṣe àdúrà fidáù fún un. Òun á se oúnjẹ, kí Alfa tó ń ṣáájú àsàlátù wọn wá ṣàdúrà nílé òun. Wọ́n hó yèè. Oyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tí Habeebullah dìde, tó ń nu ojú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Baba ńlá mi nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé wa pé alfa kan wọkọ̀ ojú omi, kò padà wálé mọ́."

Ó tán. Làtíìfù ló wá òkú rí, Habeebullah ló jogún ẹ̀. Kó tó di ọjọ́ fidáù, Alfa fúnra ẹ̀ ti ń sọ pé oyè yẹ ọmọ alfa.

Lọ́jọ́ náà, Làtíìfù lọ yá àga. Hàlímọ̀tù ìyàwó ẹ̀ ní òun ò lè gbàlejò kí ẹrẹ̀ Thames wà lórí kápẹ́ẹ̀tì òun. Ó gbé òkúta sínú ibi ìwẹ̀, ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

"Bàbá Yusrah," ó ní bí ọkọ ṣe wọlé, "ẹ wá wo òṣùpá yín. Ó nírù."

Làtíìfù wò ó. Òṣùpá nírù lóòótọ́. Ó ní etí méjì, ó ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ikùn. Ajá tó ń sùn ni, tí òyìnbó kan gbẹ́ sórí sàréè ajá ẹ̀.

"Ẹ pe Alfa kí ẹ sọ fún wọn báyìí, kó má bàjẹ́ jù."

"Kí Habeebullah wá gboyè lórí òkúta mi?"

"Tí wọ́n bá rí i, tiyín náà lọ nìyẹn o."

Làtíìfù ronú díẹ̀. Ó bá fi aṣọ funfun bo òkúta náà.

Àwọn èèyàn dé. Habeebullah jókòó níwájú pátápátá, ó ń sunkún bíi pé àná ni bàbá kú. Alfa béèrè orúkọ òkú.

"Ẹbí ló mọ̀ ọ́n," Làtíìfù ní, ohùn ẹ̀ tutù bí omi yìnyín.

"Alfa Sànúsí," Habeebullah ní. Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ ṣẹ́.

Wọ́n tọrọ àforíjì fún Alfa Sànúsí, wọ́n ní kí sàréè wọn gbòòrò. "Àmín" Habeebullah mi fèrèsé.

"Alhaji," Làtíìfù ní, "ẹ̀yin lọmọ olóòkú. Ẹ ṣíṣọ lójú bàbá yín."

Habeebullah fi ìka méjì ká aṣọ náà tìfẹ́tìfẹ́.

"Ah-ah," Mummy Àìṣát tó wá láti Forest Hill ní, "is that not dog?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan fi fìlà bo ẹnu.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Alhaji," Làtíìfù ní. "Ẹ jọra, pàápàá níbi etí."

"Ẹ dákẹ́!" Alfa ló pariwo. "Ọ̀kan gbé ajá wálé, èkejì bá ajá tan. Oyè ò kan ẹnikẹ́ni nínú yín!" Ó mí kanlẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè. "Ìrẹsì ní tiẹ̀ ò ṣẹ̀. Ẹ gbé e wá."

Habeebullah ti wà lórí àtẹ̀gùn, agbádá ń gbálẹ̀ tẹ̀lé e. Hàlímọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sétí ọkọ ẹ̀.

"Ẹ ti pàdánù oyè."

"Òun náà pàdánù ẹ̀," Làtíìfù ní. "Bu ẹran sí ìrẹsì mi."