Àdúrà tí Débórà Gbà

Ọjọ́ tí ó kan Débórà ọ̀rẹ́ mi láti gba àdúrà àárọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ṣakí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni ọkọ̀ dànù lọ́nà Ìsẹ́yìn, ó sì pa òbí rẹ̀ méjèèjì. Tísà ní kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú dípò rẹ̀. Débórà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ló kàn."

Nígbà tó dé ibi "Bùkún fún àwọn òbí wa," ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun. Ó wá ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ fún tèmi. Dá ti àwọn ọ̀rẹ́ mi sí, lórúkọ Jésù."

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n àmín mi ló ròkè jù. Nígbà tí mo délé, mo jókòó ti ìyá mi títí ilẹ̀ fi ṣú.