Àpò Ṣọ́jà Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Màmá Dọ́rìn

Mi ò mutí, mi ò sì ní ìdí láti parọ́ fún yín. Ní Dagenham nílùú òyìnbó níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá láàárọ̀. Mo mọ ìṣẹ́jú rẹ̀ torí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé. Màmá Dọ́rìn, òyìnbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ wẹ̀. Ọdún méjì ni kò ti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, kì í ṣe bárékè nìkan ni àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó wá síbí ń gbé. Wọ́n pín àwọn kan sílé aráàlú. Ọ̀kan gbé yàrá ẹ̀yìn nílé àwọn Màmá, nígbà tí Màmá wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tó ń lọ sójú ogun, ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á padà wá gbé e. Kò padà.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: mo fẹ́ràn nǹkan ṣọ́jà. Orí fóònù ni mo ti kọ́ nípa wọn. Kánfáàsì ni àpò náà, ihò onírin yí ẹnu rẹ̀ ká, nọ́ńbà mẹ́jọ wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ. Gbogbo ìgbà ni mò ń bẹ Màmá pé kó fún mi.

"Ọjọ́ tí àpò yẹn bá jáde, èmi náà jáde nìyẹn," ló máa ń sọ. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wá gbé e."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ọkùnrin kan ni, ó wọ aṣọ ṣọ́jà Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Apá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò: ìlà méjì, lẹ́tà T lábẹ́ wọn, àmì ipò ṣọ́jà ìgbà ogun yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé Suffolk ló ti wá, níbi tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ṣì ń rẹ́ǹtì ilé láàárín aráàlú dòní, pé ayẹyẹ kan ló múra fún.

Ó ṣí fìlà. Kò sì gbé ẹsẹ̀ wọlé.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àlejò kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi sì ti dùn jù. Mo ní, "Ẹ wọlé, sà. Ẹ máa bọ̀."

Mi ò bèèrè orúkọ.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé yàrá, Màmá nìkan ni mo bá.

"Ta lo ní kó wọlé?" Ohùn rẹ̀ ò ju èémí lọ.

"Ṣọ́jà kan ni, Màmá. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀..."

"Ìwọ àti bọ́tìnnì." Ó wò mí títí. "Ó ti dáa. Wọ bàtà fún mi."

Mo wọ̀ ọ́ fún un. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: bàtà, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo lọ po tíì, ife mẹ́ta.

Nígbà tí mo padà, Màmá ti kú. Àpò ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi.

Mi ò sunkún. Ẹ̀rù ò bà mí. Ara mi kàn kú ni, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di báyìí. Ọmọ àbúrò Màmá ń wá àpò, ojú tó sì fi ń wò mí ò dáa. Bàtà lèmi ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó, ní Barking, ní Beam Park, níbikíbi: ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí kí ẹ ní kó wọlé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ má wo aṣọ.