Bàbá Tó Fẹ́ Rí Ibojì Ọmọ Rẹ̀ ní Bòlífíà

Bàbá Rájí kò jókòó nígbà tí mo fún wọn ní àga. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi ni wọ́n dúró sí, fìlà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ oko Erunmu ṣì wà lára bàtà wọn.

"Ìyá Tóyìn," wọ́n ní, "wọ́n ní ìwọ lo máa ń ran èèyàn lọ sókè òkun. Mo fẹ́ lọ síbi tí Mùfú wà."

Mùfú ti kú.

Oko ìwádìí kan lẹ́yìn Moniya ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa pèsè àwọn òṣìṣẹ́ wa sílẹ̀ fún ìrìn-àjò. Èmi ni mò ń bá wọn wá físà. Èmi ni mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí ẹni tí kò bá ní káàdì yẹ́lò lọ́wọ́, wọ́n lè dá a padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń jókòó tì wọ́n, màá sọ bí ìlú tí wọ́n ń lọ ṣe rí fún wọn: oúnjẹ, ìkíni, èèwọ̀. Bàbá Akínlàbí tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa sọ pé, "Ẹni tó bá dé ìlú tí kò dé rí, ọmọ ọwọ́ ni, àfi kí wọ́n gbé e pọ̀n." Èmi ni mo gbé Mùfú, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa, pọ̀n lọ sí Bòlífíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tó ti fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn pòtétò. Oṣù díẹ̀ ló yẹ kó lò. Àrùn kòrónà dé, bàálù ò fò mọ́, ó há síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ já sínú ọ̀gbun lójú ọ̀nà orí òkè. Kò sí bí a ṣe lè gbé òkú rẹ̀ wálé. Wọ́n sin ín síbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà sin ín ló gbé Bàbá wá sọ́dọ̀ mi. Nínú ìgboro ìlú tí wọ́n sin ín sí, wọn kì í sábà gbẹ́lẹ̀ sin òkú. Ògiri gíga ni wọ́n ń mọ, wọ́n á dá ihò sí i lára bí ilé ẹyẹlé. Inú ihò yẹn ni wọ́n ń ti pósí sí, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀. Háyà sì ni wọ́n ń háyà rẹ̀. Bí ọdún rẹ̀ bá pé tí ẹbí kò yọjú, wọ́n á kó egungun ibẹ̀ dà sínú kòtò tí gbogbo èèyàn jọ ni. Dóńyà Ẹlénà, ìyẹn Màmá Ẹlénà, obìnrin tí Mùfú gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé ọdún ti fẹ́ pé, pé ẹbí nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn.

"Ọmọ Mùsùlùmí ni," Bàbá Rájí sọ. "Wọ́n fi í sínú ògiri, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i nígbà yẹn. Kí wọ́n wá kó o dà nù bí ìdọ̀tí? Rárá o. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sí."

Ọ̀gá wa gbà pé ilé iṣẹ́ yóò san owó ìrìn-àjò náà, pé kí èmi náà bá Bàbá lọ, torí wọn ò gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí Yorùbá. Ìyá Mùfú ni kò fẹ́. "Ọ̀kan lọ kò bọ̀," wọ́n wí, "ẹ tún fẹ́ mú èkejì."

Físà pẹ́. A ò rí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Bòlífíà kankan nítòsí, àfi ká fi ìwé wa ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Bí a ṣe ń retí, mò ń lọ sí Erunmu láti lọ kọ́ Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn.

"Bàbá, ibẹ̀ ga gan-an, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò sì nípọn. Tẹ́ ẹ bá ń rìn bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lọ sóko, orí á fọ́ yín, èébì á gbé yín."

"Báwo ni kí n ṣe wá máa rìn?"

"Bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín wọn nìyẹn.

Mo sọ fún wọn pé wọn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀ láìkọ́kọ́ kí i, pé àwọn náà ní "ẹ" fún àgbà àti "ìwọ" fún ẹgbẹ́ ẹni. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ pòtétò sínú òtútù òru kó lè dì gbagidi, tí wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ omi ara rẹ̀ jáde, tí wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, tí yóò dúdú.

"Èlùbọ́ nìyẹn," Bàbá sọ.

"Èlùbọ́ ni, sà, àmọ́ wọn kì í lọ̀ ọ́."

Mo sọ fún wọn nípa ewé kókà, ewé tí wọ́n ń fi ṣe kokéènì, àmọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ tí wọ́n sì ń sè mu bíi tíì. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tí yóò mú wọn nítorí rẹ̀, ó sì ń dá orí fífọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ewé kan bá bá wọn padà dé Nàìjíríà, ọ̀ràn ni. Mo ní bí wọ́n bá rí àwọn èèyàn tó ń ta ọtí sílẹ̀ fún ìyá ilẹ̀ kí wọ́n tó mu, kí wọ́n má bá wọn jiyàn. Kí wọ́n kàn gbé ọwọ́ sáyà, kí wọ́n ní àwọn dúpẹ́.

Èyí tó kù ló nira láti sọ.

"Bàbá, àwọn kan wà níbẹ̀, tí wọ́n bá rí èèyàn dúdú, wọ́n á já ara wọn léèékánná. Wọ́n gbà pé ó ń mú oríire wá."

"Àwa la jẹ́ oríire wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Oríire náà kò kan Mùfú," wọ́n ní.

Nígbà tí físà jáde, a gba Bùràsílì lọ sí Santa Kúrúsì, ìlú kan ní Bòlífíà tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, kí ara Bàbá lè mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà la ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ń jó wa, òtútù sì ń mú wa. Nínú ọjà kan, ọmọbìnrin méjì rí wa, wọ́n já ara wọn léèékánná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kí wọn bí mo ṣe kọ́ wọn. Ojú ti àwọn ọmọ náà, wọ́n dáhùn, wọ́n sì yà fún wa.

Nígbà tí a dé itẹ́ òkú ìlú tí wọ́n sin Mùfú sí, akọ̀wé ibẹ̀ mú wa dé ibi ògiri náà. Ẹnu ihò Mùfú ti fọ́. Àfọ́kù sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bàbá ti ọwọ́ bọ ihò náà títí dé èjìká, wọ́n ń fọwọ́ wá inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹyin nínú ìtẹ́ adìẹ. Nígbà tí wọ́n yọ ọwọ́ jáde, eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mí díẹ̀díẹ̀, wọn ò gbọ́ mi.

Èdè Sípéènì tí mo gbọ́ kò ju ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ, mo fi bi akọ̀wé pé ta ló kó òkú náà.

Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ti wá kó o."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Ìyá rẹ̀ wà ní Erunmu," wọ́n wí.

A ò ní ibòmíràn tí a lè lọ ju ọ̀dọ̀ Dóńyà Ẹlénà, ní abúlé kan tó tún ga ju ìlú yẹn lọ. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ gígùn ló dì sí ọ̀nà méjì, ó fi aṣọ pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bíi tiwa gan-an. Bó ṣe rí Bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ wọn mú. Kò tíì sí ẹni tó bi í léèrè tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sì ń túmọ̀ fún Bàbá.

"Èmi ni mo kó o. Mo sọ fún wọn pé èmi ni ìyá rẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Mò ń retí yín, ẹ ò dé, ọjọ́ sì pé. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́ lórí fóònù."

Ó mú wa lọ síbi tí àwọn ará abúlé ń sin òkú wọn sí. Ilẹ̀ ni, kì í ṣe ògiri. Òkìtì erùpẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to òkúta yí ká, wọ́n sì ri àgbélébùú onígi mọ́ orí rẹ̀. Bàbá wo igi náà, wọ́n sì wò mí. Mo bi Ẹlénà ìdí tó fi ri igi náà síbẹ̀.

Ó ní, "Níbí, bí kò bá sí i, wọ́n á rò pé ilẹ̀ lásán ni. Àgùntàn á máa tẹ̀ ẹ́."

Bàbá béèrè ibi tí ìlà oòrùn wà. Wọ́n fi erùpẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tàyámámù dípò àlùwàlá, wọ́n kọjú sí Kíbílà, wọ́n kírun sí ọmọ wọn lára. Kristẹni ni mí. Mo kàn dúró lẹ́yìn wọn ni. Àwọn ọkùnrin abúlé tó wà nítòsí ṣí fìlà wọn.

Nígbà tí wọ́n parí, mo rọra bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ igi yìí?"

"Tí wọ́n bá yọ ọ́," wọ́n ní, "ta ló máa mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀ tí mo bá lọ tán?"

Lónìí, bí mo bá ń pèsè ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo máa ń bi í níbi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí bí ikú bá ká a mọ́ ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan máa ń bínú. Pásítọ̀ kan tilẹ̀ wà tó gbàdúrà lé mi lórí nínú ọ́fíìsì. Mo ṣe àmín, mo sì tún béèrè.

Nígbà tí a padà dé Erunmu, Ìyá Mùfú jókòó sórí ẹní, wọn ò dìde.

"Ṣé ẹ rí i?" wọ́n bi ọkọ wọn.

"Ó wà nínú ilẹ̀," Bàbá wí. "Obìnrin kan ló sin ín. Ó ní òun ni ìyá rẹ̀."

Ìyá Mùfú kọjú sí ògiri. "Ta ló fún un láṣẹ?" wọ́n ní. Wọ́n sì bú sẹ́kún, ẹkún tí àwọn ará ilé ní wọn ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti ìgbà tí ìròyìn ikú ti dé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dákẹ́.

Àkókò ìrun Àsárì ti kọjá kí n tó dìde láti máa lọ. Ìyá Mùfú sìn mí dé ojú títì. A dúró, à ń retí ọ̀kadà.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ẹlénà, mà."

"Ẹ̀lẹ́nà?"

"Ẹlénà."

Wọ́n pè é jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́nu títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ọ̀kadà dé, mo gùn ún. Wọ́n di apá mi mú.

"Bá mi sọ fún un pé mo gbọ́. Má sọ pé mo dúpẹ́ o. Sọ pé mo gbọ́."