Iná Tí Bàbá Mi Ń Kó Pamọ́

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí ni iná mànàmáná kọ́kọ́ wọ agbolé wa l'Ọ̀tà. Gílóòbù mẹ́ta ni wọ́n fún wa: ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ní yàrá bàbá mi, ọ̀kan ní yàrá ìyá mi. Iye kan náà là ń san lóṣooṣù, à báà tàn án, à báà má tàn án.

Bàbá mi, tó ń ta obì, kò bi ẹnikẹ́ni bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí omi inú àmù ló rí, pé èyí tí a ò bá lò yóò máa kó jọ sínú wáyà dè wá. Wòlímọ̀ mi, ayẹyẹ pé mo ti ka Kùránì parí, ku oṣù mẹ́fà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìṣì títí di ọjọ́ náà, kí iná lè pọ̀ fún àlejò. Inú èmi náà dùn. Mo ń fọ́nnu nílé kéú pé wọn yóò rí ìmọ́lẹ̀ agbolé wa láti àdúgbò Joju lọ́hùn-ún. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Fìlà ni ìyá mi ń rán. Iṣẹ́ ilé ló ń gba ọ̀sán rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń ráyè fún abẹ́rẹ́. Abẹ́ gílóòbù tí kò tàn ló ń jókòó sí, fìtílà elépo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín ń kó sí i lójú. Ní oṣù kẹta, ó bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun tan iná díẹ̀. Bàbá mi ní ṣé kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ níyì ni. Ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, kò mọ òwú dúdú yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé mọ́, àwọn oníbàárà sì ń dá fìlà padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ wòlímọ̀ mi, bàbá mi yá gílóòbù mẹ́wàá, ó so wọ́n yí àgbàlá ká. Àwọn ará àdúgbò náà tan gbogbo tiwọn. Ààfáà kò tíì parí wáàsí tí iná fi pọ́n bí ẹ̀yinná, ló bá kú. Wáyà orí òpó ti jó. Fìtílà ìyá mi ni mo fi ka Kùránì mi.

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ iná dé. Bàbá mi ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan fìlà tí kò jẹ́ kí ìyàwó òun fi iná rán, ó ní ibo ni iná oṣù mẹ́fà òun wà. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

“Baba, kò sí níbì kankan. Èyí tí ẹ ò lò lánàá ti lọ nìyẹn. Iná kékeré tí Ìyá ì bá fi rán fìlà kò ni wáyà lára rárá. Bí gbogbo yín ṣe jọ tàn án lẹ́ẹ̀kan náà ló pa á.”

Ìyá mi jáde láti yàrá rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri.

“Ojú mi ńkọ́, Baba wọn? Ibo lẹ bá mi kó o pamọ́ sí?”

Bàbá mi gbé bútà, ó lọ ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kankan ò tíì tó. Kò tọrọ àforíjì, mi ò sì tíì dárí jì í.

Nígbà tí wọ́n tún wáyà náà ṣe, ó pàṣẹ pé kí iná yàrá ìyá mi máa tàn láti ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ti gbé abẹ́rẹ́ jù sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gúsí ló ń bó lábẹ́ iná náà, ọwọ́ nìkan ló sì fi ń wá a nínú igbá.