Àánú Yíìsì

Òórùn yíìsì ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìkirè, kì í ṣe àkùkọ. Búrẹ́dì ni bàbá mi ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n ní kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po yíìsì. Òtútù yẹn mú mi débi pé àánú yíìsì ṣe mí, mo bá da omi híhó lé e lórí. Mo bu èyí tó kù fún Ìyá Àgbà, tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu ní yàrá kejì.

Ìyẹ̀fun tá a pò ò wú. Bàbá ṣí abọ́, wọ́n wò mí títí. "Tádé, o ti pa wọ́n."

Wọ́n kẹ̀? Ta là ń pè ní "wọ́n" nílé wa bí kì í bá ṣe àgbà? Mo figbe ta, mo sáré já sí títì: mo ti fomi gbígbóná pa Ìyá Àgbà! Ìyá Àgbà fúnra wọn ló wá mú mi, tife tife lọ́wọ́. "Ta ló kú?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Yíìsì ni mò ń wí, wọ́n ń mí, ìwọ ọmọ yìí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Calgary níbí, Mofẹ́ ọmọ àbúrò mi ọkùnrin yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ládùúgbò Whitehorn, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ rọ́. Ló bá ní kí n wá bá òun yí táàpù ní lab tóun ti ń ṣèwádìí. Èmi tí ìwé mẹ́fà ni mo kà! Róbà kan ló gbé kalẹ̀, ó mọ́ gaara, kò ju èékánná lọ. Ihò inú ẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí. Yíìsì ló há sínú ihò náà, omi ṣúgà ń ṣàn kọjá lára wọn. A fẹ́ fomi iyọ̀ rọ́pò ẹ̀, ká wo ohun tí wọ́n máa ṣe.

"Slowly, Uncle. One bubble and three weeks is gone. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo di táàpù náà mú. Mo yí i. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn súnkì, wọ́n hunjọ.

"Mofẹ́, wọ́n ti ń rù o!"

"Don't let go!"

Ìlẹ̀kùn ni mo ń wò. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan wú padà, òmíràn tẹ̀ lé e. Mofẹ́ mí kanlẹ̀. "They're adjusting. Daddy needed two winters."

Ẹ̀rù pé mo ti pa wọ́n ò dín kù rárá látọjọ́ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sá. Ẹni ọgọ́ta ọdún dúró. Ẹ má tíì yìn mí, orúnkún ló kọ̀ láti sáré.