Òru Tí Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Sùn Sínú Igbó

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láílọ́ọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Èmi ni mo máa ń yẹ àpò tó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wò, màá ya èyí tó lu àti èyí tí àwòrán ara rẹ̀ wọ́ sọ́tọ̀. Ọdún kọkànlá mi nìyẹn nídìí iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tó pa èmi àti igbó pọ̀. Agége ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé, koríko tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ni èyí tó máa ń hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lásìkò òjò.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ara Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Kí wọ́n tó wá sí Èkó, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ni wọ́n, wọ́n wà lára àwọn tó máa ń lé àwọn tó ń gé gẹdú láìgbàṣẹ.

Ọjọ́ tí mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń fọwọ́ sí ìwé ní géètì ni bàbá bi mí pé ibo ni mo fẹ́ lọ. Mo ní oko bàbá wa ni, ní apá ìpínlẹ̀ Ògùn. Bàbá wa ti kú tipẹ́, a sì gbọ́ pé ẹnì kan ti ń dáko kọjá ibi tí wọ́n fún un. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ lọ wo ààlà náà ní Sátidé.

“Ta ló mọ ọ̀nà nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá.”

“Ìgbà wo ló débẹ̀ kẹ́yìn?”

Mi ò mọ̀. Bàbá pa ìwé náà dé.

“Sún un síwájú díẹ̀. Tí o bá jẹun ọ̀sán tán lọ́la, wá bá mi lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀gá ò tíì fún mi láyè. Irọ́ ni mo pa. Títí di òní, mi ò lè sọ pàtó ohun tó mú kí n gbọ́ràn sí bàbá yẹn lẹ́nu.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bá ara wọn fà, tí ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ nǹkan kan sí. Igi fúrúùtù méjì wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó gbìn ín, àti koríko tó ga dé àyà. Bàbá ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló kàn.

“Ìyẹn náà ni,” wọ́n dáhùn. “Òun ló le jù. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá sọnù kì í fẹ́ dúró. Á máa sọ fún un pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀.”

Wọ́n sọ fún mi nípa ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà léwe. Ó ṣìnà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì rìn títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú kòtò kan tí kò jìn sí àgọ́ wọn. Ó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, òjò sì pa á mọ́jú. “Kì í ṣe ejò, kì í ṣe ìkookò. Òtútù ni.” Bí ẹní ń ka ìwé ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ bá wọn lásìkò ìsinmi ọ̀sán. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má sùn sórí ilẹ̀ lásán, kí n gé imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ewé, kí n tò ó títí yóò fi ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, torí ilẹ̀ máa ń fa ooru ara èèyàn mu. Wọ́n ní kí n wòkè kí n tó yan ibi tí màá sùn, kí ẹ̀ka gbígbẹ má baà já lù mí. Wọ́n ní kí n wolẹ̀ pẹ̀lú, bóyá ìjàlọ ń kọjá. Wọ́n mú mi lọ sídìí àwọn àpò tí èmi fúnra mi ti yà sọ́tọ̀ pé kò dára, wọ́n fa ńlá kan yọ, wọ́n sì gé ìdí rẹ̀ kí orí lè gba ibẹ̀ jáde. “Aṣọ òjò rẹ rèé.” Iná ló fìyà jẹ mí jù. Wọ́n á da omi sórí igi, wọ́n á ní kí n dá a. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àdá bó ẹ̀yìn igi tó tutù kí èèyàn lè kan inú rẹ̀ tó gbẹ, àti bí wọ́n ṣe ń fi ògùṣọ̀ ràn án. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń yọjú láti ojú fèrèsé, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ di ọdẹ ni.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kẹ́yìn ni pé kí n sọ ibi tí mò ń lọ àti ìgbà tí màá dé fún ẹnì kan kí n tó wọgbó.

Iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀bítà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Ó fi ọdún méjìlá jù mí lọ, òun ló sì sanwó ilé ẹ̀kọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Mi ò já a ní koro rí láyé mi. Ní Sátidé tí a lọ, a wọkọ̀ láti Agége, a tún gun ọ̀kadà wọnú oko. Nígbà tí ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pin, mo sọ fún un pé kó padà wá gbé wa ní aago mẹ́rin, pé tí kò bá bá wa níbẹ̀, a jẹ́ pé a ti ṣìnà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

“Oko bàbá mi ni màá ti ṣìnà?”

A rí oko náà. A rí ìdí kòkó àtijọ́, a sì rí ibi tí ọkùnrin ọ̀hún ti gbin ẹ̀gẹ́ kọjá ààlà. Ìgbà tí a ń padà ni òjò dé. Nígbà tó dá, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí a bá wá ti di omi, a sì gba ibòmíràn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí fóònù àwa méjèèjì. Ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá, mo rí igi kan tí ààrá ti là sí méjì. A ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká dúró síbí.”

“Ká dúró ṣe kí ni? Ọ̀nà wà níwájú níbẹ̀ yẹn.”

“Ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú. Ẹ jẹ́ ká fi ìmọ́lẹ̀ tó kù tọ́jú ibi tí a máa sùn.”

“Sùn?” Ó yíjú sí mi. “Èmi ni mo mú ẹ wá. Èmi náà ni màá mú ẹ jáde. Ó yá, dìde.”

Mi ò tíì jókòó nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó.

“Mi ò lọ mọ́, sà.”

Ó dúró, ó ń wò mí. Mo rò pé ó máa bú mi, ṣùgbọ́n kò bú mi. Ó kọjá lọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ewé títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo fa àdá yọ nínú báàgì tí mo kó ohun tí bàbá géètì ní kí n mú dání sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé imọ̀ ọ̀pẹ. Mo ń gé e, mo ń tò ó. Mo ní fèrè kan lọ́rùn, irú èyí tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ máa ń fọn. Bí mo bá gé díẹ̀, màá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ṣú tán kó tó padà. Fèrè yẹn ló tẹ̀ lé. Ó ti ṣubú, orúnkún rẹ̀ ti wú, ẹrẹ̀ sì bò ó. Ó jókòó ti imọ̀ tí mo tò. Mo na àpò láílọ́ọ̀nù kan sí i, ó gbà á, ó sì gbé e wọ̀. Àwòrán ife omi kan wà lára rẹ̀, ó dorí kodò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni iná kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà kẹta ló ràn, ògùṣọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi ò sì ju ẹyọ kan lọ. A fẹ̀yìn ti ara wa lórí imọ̀ ọ̀pẹ. Òjò tún rọ̀ díẹ̀. Ohun kan ń já ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń dúró, ó tún ń já a. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń fi igi sínú iná.

Láàárín òru ni ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun nígbà tí òun wá síbẹ̀ kẹ́yìn. Bàbá wa fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàro kan fún ìgbà ìsinmi, ó sá padà sí Agége, bàbá wa ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ ò mọ̀nà?”

“Ta ni màá sọ ọ́ fún?” ó dáhùn. “Ìwọ?”

Mo fi igi kan kún iná. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná, ó sì gbé e.

Bí ojúmọ́ ṣe mọ́, a gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lókèèrè. Mo fọn fèrè. Ọlọ́kadà náà ni, òun àti àgbẹ̀ méjì. Ó ní òun dúró dè wá nírọ̀lẹ́ títí òjò fi lé òun, òun sì ti pinnu pé tí ilẹ̀ bá mọ́, òun á wá wò wá. Mo bi í pé apá ibo ni ọ̀nà wà. Ó nawọ́ síbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti forí lé lálẹ́ àná.

“Ibẹ̀ yẹn náà ni. Kò jìnnà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò wojú mi. Èmi náà ò wojú rẹ̀. A fi ẹ̀gbọ́n mi sáàárín, a gbé e jáde, kò sì gbà wá ju àkókò tí èèyàn fi ń jẹun lọ. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún sósì láti ìgbà náà. Ká ní mo tẹ̀ lé e ni, bóyá à bá ti sùn sílé. Bóyá àwa méjèèjì ni à bá sì jọ ṣubú.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá ní géètì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá mo wòkè kí n tó tẹ́ imọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí, wọ́n lọ ṣí géètì fún ọkọ̀ ẹrù kan. Kí ọdún tó parí, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì padà sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ dáwó fún wọn, èmi ni mo kó o lọ bá wọn.

Ní ti oko, a jẹ́ kí ọkùnrin náà máa dá a lọ. Ó ń fi ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún.

Níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ tó ń sọ ìtàn náà fún àwọn àna rẹ̀. Ó sọ nípa òjò àti orúnkún rẹ̀ àti ohun tó ń já ewé. Ó ní òun dáná nínú òjò, ó ní àbúrò òun ń sunkún, òun sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹnì kan wojú mi pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

“Bó ṣe sọ ọ́ náà ni. Òun ló mú mi lọ síbẹ̀,” mo sọ, mo sì ń bu ìrẹsì lọ.