Àwo Kolívà Neculai

Láti àárọ̀ ni Profira ti ń rí Neculai ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ló jọ tirẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà yíjú, àjèjì onírùngbọ̀n ni. Profira tẹ orí ba, ó fi ẹnu ko àwòrán Màríà lẹ́nu, ó sì tún agbọ̀n rẹ̀ gbé. Ó ti mọ́ ọn lára. Láti ọdún méje tí Neculai ti bá àwọn bíríkìlà lọ sí Sípéènì ló ti ń rí i níbi tí kò sí: nínú ọkọ̀ tíráàmù, lẹ́yìn gíláàsì ilé ìtajà oògùn, lórí ìlà àwọn tó ń ra búrẹ́dì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó kúrò níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ lọ ra sìgá. Kò sí òkú, kò sí ẹ̀wù, kò sí ẹni tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀.

Sátidé àwọn òkú ni ọjọ́ náà, nígbà tí ewé ń wọ́. Gbogbo ìlú Iași ló ń gbé oúnjẹ kiri láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, tùràrí àti òórùn kábéèjì sísè sì ti dà pọ̀ lójú pópó. Ilé búrẹ́dì ni Profira ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Iná ààrò ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ó lè gbé ìkòkò gbígbóná láìfi aṣọ dì í. Ó ti sin ìyá rẹ̀. Ó ti sin ọmọbìnrin kan tí kò tíì mọ ìrìn. Ó ti sin Toader ọkọ rẹ̀. Ọdọọdún ló ń ṣan àlìkámà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, tí yóò sè é, tí yóò po ṣúgà àti àsálá mọ́ ọn, kó lè di kolívà tí yóò fi tọrẹ nítorí ọkàn wọn. Kò se ti Neculai rí. Ohun tó ń ṣe fún un kò ju àbẹ́là kan lọ. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ páànù, àwo irin méjì tí wọ́n bu yanrìn sí wà níbẹ̀, ọ̀kan fún àbẹ́là àwọn aláàyè, èkejì fún ti àwọn òkú. Ọ̀dọ̀ àwọn aláàyè ni Profira ń gbé ti ọmọ rẹ̀ sí.

Ruxanda, ìyàwó Neculai, ló bá a ru àpò ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé. Nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kejì, wọ́n ra páì wàràkàṣì lójú fèrèsé kan, wọ́n sì jókòó sórí àtẹ̀gùn.

“Màmá, ẹ jẹ tiyín kó tó tutù.”

“Mò ń jẹ ẹ́. Ìwọ lo ò jẹun. Àbí Grigore ti sọ fún ẹ pé o ti sanra jù ni?”

Ruxanda rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Grigore ń wa tíráàmù, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

“Ó fẹ́ ká lọ rí àlùfáà. Mo ní mi ò lọ, àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá gbé àbẹ́là Neculai kúrò níbi tó wà.”

“Kí n gbé e lọ síbo?”

“Màmá, ẹ mọ ibi tí mò ń sọ.”

“Tó bá wá wọlé ńkọ́? Tó bá ṣílẹ̀kùn lọ́la, kí n sọ fún un pé èmi ìyá rẹ̀ ti kà á mọ́ òkú?”

Ruxanda gbọn èérún páì kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. “Èmi náà ń dàgbà, Màmá.”

Wọ́n dìde, wọ́n sì ń lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kẹta ni ìyá Safta máa ń jókòó sí, arúgbó atọrọjẹ tó mọ adùn kolívà ilé kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá Safta, ẹ ṣì wà láyé?”

“Tí mo bá kú, ta ni yóò máa jẹ oúnjẹ òkú rẹ? Ṣé àsálá wà nínú ti ọdún yìí, àbí ṣúgà lo tún fẹ́ fi bò mí lójú bíi ti èṣí?”

“Àsálá wà níbẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹ́nu mímú yìí.”

Safta gba àwo náà sórí itan. “Ta ló ni ín?”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó fúnni yóò dárúkọ òkú, ẹni tó gbà á yóò bẹ Ọlọ́run fún un, yóò sì jẹ ẹ́. Bó bá ti jẹ ẹ́, ó ti dé ọwọ́ olórúkọ níbi tó wà. Profira fẹ́ pe Toader. Toader ló ti ń pè láti àárọ̀.

“Neculai,” ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Kí Ọlọ́run dárí ji Neculai,” ni Safta wí, ó sì ju síbí sẹ́nu.

Profira na ọwọ́ gbá àwo náà mú. “Ẹ tu ú dànù! Mo ṣì í sọ ni!”

“Mo ti gbé e mì. Ṣé kí n bì í fún ẹ ni? Ta ni Neculai?”

“Ọmọ mi.”

“Ibo lo sin ín sí?”

“A ò sin ín.”

Síbí dúró sókè lọ́wọ́ arúgbó náà. Safta rọra gbé e sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ya àgbélébùú sáyà léraléra.

“Kí lo fún mi jẹ? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ oúnjẹ òkú, mi ò jẹ ti ẹni tó wà láàyè rí! Lọ tan àbẹ́là rẹ̀. Ọ̀dọ̀ tó bá wù ẹ́ ni kó o gbé e sí, ìyẹn ò kàn mí. Àmọ́ nísinsìnyí ni, kí n lè mọ ohun tí mo jẹ.”

Lábẹ́ páànù, ooru àbẹ́là gbá wọn lójú. Profira tan tirẹ̀, ó sì dúró sáàárín àwo méjèèjì.

“Màmá, ẹ gbé e sọ́dọ̀ àwọn aláàyè.” Ruxanda fà á lápá. “Ẹ jọ̀ọ́. Màá ní kí Grigore ṣe sùúrù.”

Profira wo ewú tó yọ lábẹ́ ìborí Ruxanda. Nígbà náà ló mọ̀ ọ́n lára pé Neculai dúró lẹ́yìn òun, kò sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́mọdé tó bá ń dúró kí wọ́n gbà á láyè láti jáde. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ yíjú. Kò yíjú. Ó gbin àbẹ́là náà sáàárín ti àwọn òkú.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Iná náà dúró bíi ti àwọn yòókù, kò sì pẹ́ tí Profira kò fi mọ èwo ni ti ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ó padà dé ọ̀dọ̀ Safta. “Ẹ jẹun, ìyá. Òkú ni.”

“Kí Ọlọ́run dárí jì í,” ni arúgbó náà wí, ó sì tún gbé síbí rẹ̀.

“Ẹ bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀.”

Safta bù ú sí i lẹ́nu bí ẹní ń fún ọmọ lóúnjẹ. Profira rún un. Ó dùn bíi ti àwọn òkú rẹ̀ yòókù. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.